Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Ọ̀tún, Ìwé Lọ́wọ́ Òsì

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ọmọ ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí òbí fi òógùn ojú kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọkùnrin kan wà ní abúlé apẹja kan. Ọmọ ọdún 14 ni, ó sì ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn kan ń pè ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ní ilé-ìwé rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé, "Amẹ́ríkà ni ọmọ yìí ń lọ." Ní ọjọ́ kan, àlejò kan dé, ó múra dáadáa, ó ní òun yóò bá ọmọ náà wá yunifásítì ní òkè òkun, kí bàbá ṣáà mú owó wá. Bàbá wo ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó wo ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ó ń rò ó bóyá kí òun tà wọ́n. Kí ni kí bàbá yìí ṣe? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí eré náà ti wá. Ní ọdún 1891, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith, ní ìlú Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé apẹ̀rẹ̀ èso kọ́ sí òkè nínú gbọ̀ngàn ìdárayá, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Inú ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti bí eré yìí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi í ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni ó gba yunifásítì kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rin ọ̀nà náà, kí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà ní pápá, ẹsẹ̀ kejì sì wà ní kíláàsì.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 1963, ó sì kàwé ní Muslim Teachers College. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá, aṣọ́lé ni. Ó sì ń gbá háńdìbọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ó dé Yunifásítì Houston, lọ́dọ̀ kóòṣì Guy Lewis. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ṣùgbọ́n odidi sáà 1980 sí 1981 ni kò fi gbá ìdíje kankan, nítorí pé NCAA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kò tíì fún un ní àṣẹ. Ẹ ò rí i pé gíga nìkan kò tó?

Nígbà tí wọ́n gbà á láyè tán, kò rí àyè gbá tó bí ó ti fẹ́. Kò bínú kúrò. Ó bi àwọn kóòṣì rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè ṣe, wọ́n sì ní kí ó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Moses Malone, tí ó ti di àgbà nínú eré náà. Ó lọ, ó sì kọ́gbọ́n. Ní 1982, 1983 àti 1984, ẹgbẹ́ Houston wà lára àwọn mẹ́rin tí ó kù ní ìparí ìdíje àwọn yunifásítì. Ní 1984, Houston Rockets yàn án ṣáájú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún náà, títí kan Michael Jordan. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife NBA ní 1994 àti 1995.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí òbí, olùkọ́ àti ọmọ fúnra rẹ̀ ní láti ṣe.

Èkíní, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọmọ ọdún 10 tàbí 12 kò ní láti gbá eré kan ṣoṣo. Kí ó sáré, kí ó lúwẹ̀ẹ́, kí ó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Bí ó bá bọ́ sínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ yan kóòṣì tí ń kọ́ ọmọ bí a ti ń gbé bọ́ọ̀lù síni lọ́wọ́, bí a ti ń fò, bí a sì ti ń balẹ̀. Ẹ má ṣe yan èyí tí ó kàn ń wá ife. Orúnkún ọmọ tí ń ga kíákíá a máa dùn ún. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ẹja tí ẹ ń pa, ẹ̀wà àti ẹyin, ẹ má ṣe tà wọ́n tán láìfi ti ọmọ sílẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe yí ọjọ́ orí ọmọ padà. Àwọn kan máa ń dín ọdún kù kí ọmọ lè bá àwọn kékeré gbá. Irọ́ náà yóò máa tẹ̀lé e kiri. Bí ìwé ìbí bá sọ ohun kan, tí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé sọ òmíràn, tí ìwé ìrìnnà sọ ẹ̀kẹta, ọ̀nà ti dí.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú ìwé. Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kìíní NCAA, wọn yóò wo iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ láti ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe JSS 3 lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀kọ́ pàtàkì 16 ni wọ́n ń béèrè, irú bí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa àwùjọ, kí àròpọ̀ máàkì rẹ̀ má sì dín sí 2.3 nínú 4. Ẹ ṣe àkíyèsí pé nígbà tí àlejò yóò fi kan ilẹ̀kùn, ìdánwò JSS 3 lè ti kọjá. Ọmọ tí ó ń sá kíláàsì nítorí eré ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ti tó ọdún 16, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara hàn. Kí wọ́n ya fídíò odidi ìdíje, kì í ṣe ibi tí ó ti fò sókè nìkan, nítorí pé kóòṣì fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kọ lẹ́tà: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, èsì ìdánwò, àti bí a ó ṣe rí olùkọ́ rẹ̀. Àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ eré wà, irú bí ti Giants of Africa, tí Masai Ujiri àti Godwin Owinje dá sílẹ̀ ní 2003. Kí ó sì má ṣe wo ìpele kìíní nìkan; ìpele kejì náà ń fúnni ní sikọláṣíìpù, ṣùgbọ́n ìpele kẹta kì í fúnni nítorí eré. Bí wọ́n bá fún un, ẹ béèrè: ọdún mélòó ni? Ṣé oúnjẹ àti ibùsùn wà nínú rẹ̀? Bí ó bá fara pa ńkọ́?

Ẹ̀karùn-ún, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Fọ́ọ̀mù I-20 tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tọrọ físà, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fúnni. Kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ń tà. Kí òbí tàbí olùkọ́ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà tààrà, kí wọ́n sì ka òfin NCAA lọ́dọ̀ NCAA fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun dá yín lójú ní físà, ẹ dáhùn pé ó dìgbà.

Ọ̀rọ̀ físà yìí ti le sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn yóò dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń ṣí, òun náà ni ó lè tì í. Ṣùgbọ́n èsì WAEC tí ó dára kò ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè nítòsí wa, àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa sì ní ìdíje tiwọn, NUGA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé yín. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ni ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ó wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú eré yìí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ bàbá tí ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Kí ó má tà á. Ọkọ̀ náà ni yóò máa pa ẹja tí a ó fi san owó ilé-ìwé. Kí ó ní kí àlejò náà kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń sọ sílẹ̀, kí ó mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ kọ̀wé wádìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́, yóò dúró de ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ irọ́, àlejò kò ní padà wá.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ sùn ire o.