Kẹ́ẹ̀gì Méjì Ni, Kì í Ṣe Ẹyọ Kan: Bí A Ṣe Ń Po Omi Ajílẹ̀ fún Ọ̀gbìn Tí Kò Lo Ilẹ̀

Mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́túúsì mi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Lẹ́túúsì 60 ni mo gbìn sínú páìpù PVC ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Owó àjọ tí ìyá mi kó ni mo fi ra páìpù, pọ́ǹpù àti ajílẹ̀. Ẹni tó ń ta shawarma ládùúgbò wa ti ní òun á máa rà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí àwọn ewé tuntun tó wà láàrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń di búráùn. Mo rò pé oòrùn ni, mo ta aṣọ bò wọ́n. Kò yí padà. Ìyá mi kò bínú o. Ó kàn máa ń béèrè láràárọ̀ pé, "Ewé wa ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ "wa" yẹn ló ń dùn mí jù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ wo ewé. Ó ní, "Àbúrò, gbé kẹ́ẹ̀gì tí o po ajílẹ̀ sí wá." Ó rọra da omi orí rẹ̀ nù, ó wá fi ìsàlẹ̀ hàn mí: nǹkan funfun kan ti sílẹ̀ síbẹ̀, ó nípọn bí ògì. Ó ní, "Oúnjẹ ewé rẹ nìyẹn. Inú kẹ́ẹ̀gì ló sùn sí, kò dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun ọ̀gbìn tó wà nínú ilẹ̀ lè fi gbòǹgbò wá oúnjẹ kiri. Èyí tó wà nínú omi kò rí ibì kankan lọ. Gbogbo ohun tó máa jẹ, àwa la máa fi síbẹ̀: nitrogen, phosphorus, potassium, calcium, magnesium àti sulphur, pẹ̀lú díẹ̀ bíńtín nínú iron, zinc, boron, manganese, copper àti molybdenum. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Hoagland àti Arnon ní Yunifásítì California ti tẹ ìlànà bí wọ́n ṣe ń pò ó jáde ní 1938, àwọn èèyàn ṣì ń lo ìlànà náà títí dòní.

Calcium ló máa ń fa wàhálà. Bí omi bá pọ̀, òun àti sulphate àti phosphate lè jọ gbé láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n tí a bá pò wọ́n ki sínú omi díẹ̀, ṣe ni wọ́n á dì mọ́ra. Calcium àti sulphate á di gypsum, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe POP àjà ilé. Calcium àti phosphate á di irú nǹkan tó wà nínú egungun. Ewébẹ̀ wo ló fẹ́ mu POP? Èmi ti da gbogbo ajílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, mo gbọ̀n ọ́n dáadáa, inú mi ń dùn. Calcium kì í sì í kúrò lára ewé àgbà lọ sára ewé tuntun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àárín ló kọ́kọ́ jó.

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi láti pò ó rèé. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá méjì, ẹ kọ A sára ọ̀kan, B sára èkejì. Calcium nitrate 600 gíráàmù nìkan ló wọ A. Inú B ni NPK 600 gíráàmù àti magnesium sulphate 300 gíráàmù máa lọ. Ẹ fi omi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan dé lítà mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ bu omi lítà 100 sínú dọ́rọ̀ọ̀mù, ẹ da lítà kan láti inú A sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó da lítà kan láti inú B sí i. Ẹ má da A lu B láìsí omi láàrin wọn láé. Kí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì wà níbi tí oòrùn kò ti lè tàn sí wọn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba iron inú B jẹ́.

NPK tí mò ń sọ kì í ṣe 15-15-15 oníhóró tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sídìí àgbàdo o. Ìyẹn kì í yòrò tán, á dí pọ́ǹpù yín pa. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀gbìn inú omi ni, tí wọ́n kọ 4-18-38 sára rẹ̀, tí àwọn èròjà kéékèèké sì ti wà nínú rẹ̀. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹnìkan á ní, ṣé mi ò ní mítà ni? Mo ní in! Mítà EC máa ń wo bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá. Bí iyọ̀ ajílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà ń gòkè. Lẹ́túúsì fẹ́ nǹkan bíi 1.2 sí 1.8, tòmátì tó ń so lè gbà tó 2.0 sí 3.5. Temi wà ní 1.5 lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mítà ò mọ irú iyọ̀ tó wà níbẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló mọ̀. Bí calcium ṣe ń sùn sísàlẹ̀, mò ń da omi kẹ́ẹ̀gì sí i títí nọ́ńbà á fi pé, àwọn yòókù ni mo sì ń fi kún un.

Ẹ wọn omi yín lásán kí ẹ tó po ohunkóhun. Omi bóhòòlù míì ti ní iyọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá lẹ́bàá òkun àti ọ̀sà. Omi òjò ló dára jù. Lásìkò ọyẹ́, ewé máa ń mu omi ju bó ṣe ń jẹ ajílẹ̀ lọ, nítorí náà EC á máa gòkè: omi lásán ni kí ẹ fi kún un. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ebi ló ń pa wọ́n, ẹ fi A àti B kún un ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ po tuntun. Èyí tí mo dà nù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ìyá mi ló ń mu ún.

Ti pH náà wà níbẹ̀: láàrin 5.5 àti 6.5. Bí ewé ṣe ń jẹ nitrate ni pH ń gòkè. Tó bá ga jù, iron á wà nínú omi ṣùgbọ́n ewé kò ní lè rí i jẹ, ewé tuntun á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Phosphoric acid díẹ̀díẹ̀ la fi ń fà á wálẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ásíìdì lẹ máa ń dà sínú omi, ẹ má da omi lé ásíìdì lórí. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń lo omi bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò. Ẹ jọ̀ọ́, òjé wà nínú rẹ̀, ẹnu lẹ sì máa fi jẹ lẹ́túúsì yẹn.

Ohun kan tó kù ni ooru. Omi tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi míligíráàmù 9 ọ́síjìn sínú lítà kan; tó bá di 30°C, ó máa ń wálẹ̀ sí bíi 7.5. Gbòǹgbò tí kò rí ọ́síjìn á rà, á sì máa rùn. Mo ti gbé dọ́rọ̀ọ̀mù mi sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi ọ̀rá dúdú wé e kí ewé omi má baà hù sínú rẹ̀.

Lẹ́túúsì tí mo tún gbìn pé ọjọ́ 26 lónìí. Láàárọ̀ yìí, EC jẹ́ 1.5, pH jẹ́ 6.1, kò sì sí ewé àárín kankan tó jó. Oníshawarma ní kí n kọ́kọ́ mú mẹ́wàá wá ná.