Kọ́sítọ́ọ̀mù: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò, olùkọ́ wa ní kí ẹnì kan dárúkọ custom Yorùbá kan tó mọ̀. Mo nawọ́ kíá. Mo ní wọ́n máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, wọ́n sì máa ń ní kí dírẹ́bà ṣí bùùtù. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìkíni tàbí ìsọmọlórúkọ ni olùkọ́ ń retí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yewa tiwa, kí ọmọdé tó gbọ́ pé custom ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe àṣà, yóò ti rí kọ́sítọ́ọ̀mù lójú títì láìmọye ìgbà.

Ọdún tí mo máa jáde yìí ni mo wá mọ̀ pé èsì mi ọjọ́ náà kò jìnnà sí òótọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà ni àṣà àti aṣọ́bodè. Ẹ jẹ́ kí á tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀.

Èdè Látìn ló ti wá. Consuetudo ni wọ́n ń pe ohun tó ti mọ́ ènìyàn lára. Ọ̀rọ̀ yìí gba ẹnu àwọn Faransé ayé àtijọ́ kọjá, ó sì wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Costume, aṣọ tí àwọn òṣèré ń wọ̀, orísun kan náà ló ti wá. Ítálì ni òun kọ́kọ́ yà sí. Ìṣe tó mọ́ni lára ni custom, ìmúra tó mọ́ àwọn kan lára ni costume.

Báwo ni àṣà ṣe wá di owó orí ẹrù? Láyé ìgbà náà, àwọn owó kan wà tí ará ìlú máa ń san fún ọba tàbí fún olóyè tó ni ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń san án kò ju pé bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́ nìyẹn. Owó àṣà ni, nítorí náà wọ́n pè é ní custom. Ní 1275, láyé Ọba Edward Kìíní, wọ́n gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lé irun àgùntàn àti awọ tó ń jáde kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, lẹ́tà s kún un nídìí, ó di customs. Kódà Geoffrey Chaucer, akéwì tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ń kà, ṣe iṣẹ́ yìí. Láti 1374 sí 1386, òun ni kọ̀ńtúrólà ní èbúté London, oyè tí a ṣì ń gbọ́ lórí rédíò lónìí.

Customer náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó ń gba owó ẹnubodè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó tún wá di ẹni tó ti mọ́ lára láti máa rajà lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ní ọjà Ìlaròó, ẹni tó ń ta gàrí àti ẹni tó ń rà á, kálukú ló ń pe ẹnì kejì ní kọ́sítọ́mà mi. Àwọn kan á ní àṣìlò ni. Lójú tèmi, ó bá orísun rẹ̀ mu: àwọn méjèèjì ló ti mọ́ ara wọn lára. Oníbàárà tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rà nìkan ló ń jẹ́ ẹ.

Yorùbá kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Àṣà dá dúró, oníbàárà dá dúró, oníbodè náà dá dúró. Oníbodè ló máa ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń wọlé. Lódìkejì ààlà, Faransé ń pe tirẹ̀ ní douane, láti inú dīwān ti Lárúbáwá, ìwé àkọsílẹ̀ owó. Gẹ̀ẹ́sì fi àṣà sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, Faransé fi ìwé sọ ọ́, àwa fi ẹnu ọ̀nà sọ ọ́.

Ààlà yẹn gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fa ìlà: Ìlaròó bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Pobẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ẹbí kò pín bí ìlà ti pín. Ìyá àgbà mi ní àwọn àbúrò ní Pobẹ̀, wọn kì í sì í lọ sí ìkómọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin 2022. Ìkómọ méjì ló kọjá tí Ìyá àgbà kò lè lọ.

Lọ́dún yìí, mo ń ka ìwé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi sí wọn létí. Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé àṣà ni ìtumọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù?”

Wọ́n wò mí. “Àṣà ta ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Ìrẹsì tó bá kọjá láìsan owó, fàyàwọ́ ni òfin ń pè é. Lójú Ìyá àgbà, ẹrù ìkómọ ni. Àṣà ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró lé, ọ̀kan ti ìjọba, ọ̀kan ti ẹbí, custom sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì. Mo ti fi ìbéèrè wọn sí orí kẹrin iṣẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìmẹ̀kọ, Ṣakí tàbí Badagry, kí ni wọ́n ń pe àwọn aṣọ́bodè lọ́dọ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.