Cosette àti Àìná: Àwòrán Ọmọdébìnrin Méjì nínú Ìwé Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ Cosette, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé èrò inú Les Misérables ti Victor Hugo (1862), ni kò ka ìwé náà rí. Àwòrán ni wọ́n mọ̀: ọmọ kékeré tó di ìgbálẹ̀ tó ga jù ú lọ mú. Émile Bayard ló yà á. Iṣẹ́ afíngi ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gervaise, alágbàfọ̀ inú L'Assommoir ti Émile Zola, ṣe di ẹni tí ojú ń rí nígbà tí ẹ̀dà alàwòrán ìwé náà jáde ní 1878. Ṣùgbọ́n ṣáájú àwọn méjèèjì ni ọmọdébìnrin Yorùbá kan, tí kì í ṣe ẹni inú àròsọ, ti wà nínú ìwé pẹ̀lú àwòrán: Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ tirẹ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ní ohun tó fà.

Ẹni tó bá ti rí afíngbá lẹ́nu iṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ yóò tètè lóye iṣẹ́ àwọn afíngi Paris, àfi pé ó dorí kodò. Ìlà tí afíngbá fi ọ̀bẹ fín ni ojú ń rí. Lórí igi ìtẹ̀wé, ibi tí wọ́n gé kúrò ló ń funfun, ìlà tí wọ́n dá sí ló ń gba tàdáwà. Nítorí pé ìlà náà yọ sókè bíi lẹ́tà òjé, àwòrán àti ọ̀rọ̀ lè jọ wà lójú ewé kan náà. Lítógíráfì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń yàwòrán sórí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi omi rin. Tàdáwà á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, omi kò ní jẹ́ kó mú níbi tó kù. Irú àwòrán yìí kì í bá lẹ́tà òjé lọ sínú ẹ̀rọ kan náà. Tákàdá ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n á wá dì mọ́ ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Àìná rí. Ní 1848, ogun Ọba Gezo ti Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n sì kó ọmọ náà lẹ́rú. Ní 1850, Gezo fà á lé Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Bonetta, lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n fojú bù ú sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Forbes fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán tí wọ́n ṣe ní lítógíráfì sínú ìwé rẹ̀, Dahomey and the Dahomans (1851). Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n pe ọmọ náà: orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, orúkọ ọkọ̀. Àìná, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, kò sí nínú rẹ̀.

Ìwé Forbes kò fi ogun Òkè-Ọ̀dàn pamọ́. Àmọ́ tákàdá ọ̀tọ̀ rọrùn láti yọ, àwòrán náà nìkan ló sì ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, lábẹ́ àkọlé ọmọ ọba Áfíríkà tí Victoria gbà tọ́. Òótọ́ ni pé Cosette náà kúrò nínú ìwé, tó dé ara pátákó ìpolówó eré orí ìtàgé. Ìtàn rẹ̀ bá a lọ síbẹ̀. Ìlú Àìná ló jábọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní kí a fi fọ́tò rẹ̀ rọ́pò. Ní 1862, ọdún tí Les Misérables jáde gan-an, Camille Silvy, ayàwòrán ọmọ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ya Àìná nígbà tó ti di ìyàwó James Davies. Fọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n yàrá ayàwòrán ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe Òkè-Ọ̀dàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo àwòrán 1851 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí Forbes kọ nípa ogun náà, kí ó sì kà á pẹ̀lú ìfura, torí ẹni tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ Gezo ló kọ ọ́.