Ta Ni Òfin Fún Láṣẹ Láti To Eegun?

Ọ̀rọ̀ eegun ni mo mú wá lónìí. Bí àkókò máńgòrò bá dé, àwọn ọmọ a máa já bọ́ láti orí igi. Bí kò bá sì jẹ́ àkókò máńgòrò, ọ̀kadà wà ní títì, láti Òkè-Fìà títí dé Ìlẹ́ṣà, tí ń gbé ènìyàn ṣubú. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹnìkan tí ó ti ṣẹ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ rí?

Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí. Ọmọ ń ké, apá ti wú. Ìyá ọmọ a ní kí á gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá-ńlá a ní rárá o, baba kan wà tí ó mọ eegun í to ju dókítà lọ, àti pé bí a bá dé ọsibítù, gígé ni wọn yóò gé e. Bàbá ọmọ a dúró láàrin, yóò máa ro iye owó tí ó wà lápò rẹ̀. Ẹnìkan á tún dá sí i pé òfin kò gba baba náà láyè rárá, ọlọ́pàá lè mú un. Ẹlòmíràn á ní kò sí òfin kankan lórí iṣẹ́ àwọn baba wa. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà kò yé.

Òfin àwọn dókítà àti àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní 1988, sọ pé ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn dókítà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní dókítà tàbí kí ó máa ṣe iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ó ní bí àwọn ará àdúgbò ẹnìkan lápapọ̀ bá jẹ́rìí sí i pé a ti kọ́ ọ ní ọ̀nà ìwòsàn ìbílẹ̀ Nàìjíríà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó ń fi ọ̀nà náà tọ́jú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni òfin wá fi odi méjì yí i ká. Ekínní, kò gbọdọ̀ fi abẹ kan ẹran ara, àfi ilà abẹ́ dídá nìkan. Èkejì, kò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní àwọn oògùn líle tí ìjọba kà sí eléwu, tàbí kí ó júwe wọn.

Ẹ rí i pé òfin rántí olóòlà tí ń dábẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin wa, ó sì yọ ọ́ sílẹ̀. Kò yọ ẹlòmíràn sílẹ̀. Nítorí náà, baba tí ń to eegun lè fọwọ́ tọ́ ọ, ó lè fi òrí pa á, ó lè fi ọparun tí a là wẹ́wẹ́ di í. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú abẹ tí ó fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí ojú ibi tí ó wú, tàbí tí ó fẹ́ la á kí ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jáde, ó ti fo odi. Ibi gbẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ipá máa ń gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin yìí tí ó yẹ kí á dúró lé lórí. Kò sí ìdánwò tí òfin náà là sílẹ̀ fún ẹni tí ń to eegun. Ẹ̀rí àwọn ará àdúgbò ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Èyíinì ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń sọ lójú kànga àti ní ọjà pé, “Baba yẹn mọ̀ ọ́n o,” ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń fún un láṣẹ! Ìyàwó ilé tí ó sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti fi ọwọ́ sí ìwé.

Àwọn baba ìgbàanì nínú Ìsìláàmù kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Síríà, ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ al-Shayzari kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún muhtasib, ẹni tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ọjà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa to eegun àfi bí ó bá mọ ìwé tí Paul, oníṣègùn ará Gíríìkì, kọ lórí iṣẹ́ náà, tí ó sì mọ iye eegun tí ó wà lára ènìyàn àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rí. Eegun 248 ni wọ́n kà nígbà náà. 206 ni àwọn oníṣègùn òde òní ń kà lára àgbàlagbà. Àwọn onímọ̀ fíkíhì sì ti tẹnu mọ́ ọn, láti inú hadíìsì tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud, pé ẹni tí a kò mọ̀ mọ́ ìṣègùn tí ó wá ń tọ́jú ènìyàn, bí ó bá pa á lára, yóò san ohun tí ó bàjẹ́.

Àwọn òyìnbó náà ní àwọn tiwọn. Chiropractor ni wọ́n ń pe àwọn tí ń fi ọwọ́ to eegun ẹ̀yìn àti ti ọrùn. Daniel David Palmer ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Davenport ní Amẹ́ríkà ní 1895. Ní 1906 wọ́n tì í mọ́lé nítorí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìgba ìwé-àṣẹ. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi í gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́: Kansas ni ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣe òfin fún wọn, ní 1913, Louisiana ni ó ṣe é kẹ́yìn, ní 1974. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1994 ni ó sọ pé ẹni tí kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí òfin 1988 dá sílẹ̀ ni wọ́n wà, pẹ̀lú àwọn tí ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé pátákó síta pé òun ń to eegun ẹ̀yìn bí ti Amẹ́ríkà, ẹ ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pátákó ni ó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ wa, dídì ni. Eegun tí ó ṣẹ́ a máa wú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá ti di ọparun mọ́ ọn pinpin lọ́jọ́ kìn-ín-ní, tí ó sì ń wú nínú ìdè náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Láàrin wákàtí díẹ̀ ẹran ara a bẹ̀rẹ̀ sí kú. Mo mọ ọmọ kan tí ó ké lóru ọjọ́ méjì. Wọ́n ní eegun ni ó ń wọlé. Nígbà tí wọ́n tú u, ìka rẹ̀ ti dúdú. Ọsibítù gé apá náà, ìyá-ńlá rẹ̀ sì ní ṣé òun kò wí bẹ́ẹ̀ pé gígé ni wọn yóò gé e? Báyìí ni ìbẹ̀rù náà ṣe ń bí ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ìka ọmọ tí a di apá tàbí ẹsẹ̀ fún, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ó bá tutù, bí ó bá funfun tàbí tí ó dúdú, bí kò bá mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, tàbí tí ọmọ ń ké ju ìgbà tí ó ṣẹ́ lọ, ẹ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù ní òru náà. Bákan náà ni fún P.O.P. tí wọ́n fi sí i ní ọsibítù: ẹ sáré gbé e padà kí wọ́n là á. Bí eegun bá sì yọ síta, tàbí tí ojú egbò wà níbẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé baba rárá.

Ní ti adìyẹ tí àwọn kan máa ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á ní ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn, kí ni adìyẹ ṣe? Eegun adìyẹ kì í ṣe eegun ènìyàn.

Ọsibítù ìjọba wà ní Asúbíàró ní Òṣogbo, Wesley Guild sì wà ní Ìlẹ́ṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray ná. Bí ìdílé bá ṣì wá ta kú pé ọ̀dọ̀ baba ni àwọn yóò lọ, ẹ mú àwòrán náà dání, ẹ nà án sí i, kí ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ibi tí ó ṣẹ́ hàn yín.