Àyẹ̀wò Àìsàn Abẹ́: Ṣé Nílé Ni, Àbí Lọ́sibítù?

Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ sókè la gbé wá lónìí. Bí ojú bá ń tì wá, ojú kì í ti àìsàn.

“Abẹ́ ń yún mi, ẹ bá mi mú nǹkan.” Bí a ṣe máa ń sọ létí oníkẹ́míìsì nìyẹn. Á fún wa ní kápúsù, a ó gbé e mì, ó di ìdí ọjà. Àwọn mìíràn á ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì làwọn ti kó o. Ẹni tó ń lo oògùn láìṣe àyẹ̀wò dà bí ẹni tó ń wọn gàrí nínú òkùnkùn: kò mọ̀ bóyá ó pé, kò mọ̀ bóyá ó lé.

Èyí tí kì í fara hàn ló burú jù. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní chlamydia. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in ni kì í mọ̀: kò yún wọn, kò dùn wọ́n. Àtọ̀sí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára obìnrin. Bó bá pẹ́, ó lè gòkè kí ó dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ìgbà yẹn ni wọn á máa pe obìnrin ní àgàn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọkọ ló kó o wálé. Sífílíìsì ní tirẹ̀ lè pa ọmọ sínú, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì sì ń wò ó sàn.

Kí ló wá dé tí a kì í lọ ṣe àyẹ̀wò? A mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá tò sórí ìlà láti àárọ̀, tòmátì rẹ̀ á rà. Ojú sì ń tì wá kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ wá ládùúgbò wo abẹ́ wa.

Ibẹ̀ ni tilé ti wúlò. Bí obìnrin bá fi òwú orí igi gba omi ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó gbé e lọ sí láàbù, wọ́n ń rí chlamydia àti àtọ̀sí nínú rẹ̀ bí èyí tí dókítà gbà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba fàyè gba èyí tí obìnrin lè rà láìsí ìwé dókítà, tí yóò rí èsì nílé ní bí ìṣẹ́jú 30.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ti éèdì la mọ̀ jù. WHO fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Irú kan wà tí a ń fi ra èrìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 20 kí á tó kà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o:

Èkínní, bí ilà méjì bá jáde, kò tíì parí. Ọsibítù ni wọn yóò ti tún un yẹ̀ wò.

Èkejì, ilà kan kò ní kí á sùn lọ. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lè má tíì hàn. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3.

Ẹ̀kẹta, ti èrìgì yìí kò mọ àtọ̀sí, kò mọ chlamydia.

Olóyún, ẹni tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára rẹ̀ láìtó àkókò, kí wọ́n má dúró de tilé rárá. Bí wọ́n bá sì rí àrùn, kí ọkọ náà gba ìtọ́jú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi la ń bù sínú agbọ̀n.

Ilé la ti ń di ẹrù, ọjà la ti ń tú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò yìí: ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé bí ojú bá ń tì yín, kí ẹ parí rẹ̀ lọ́sibítù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ará ìsọ̀ kejì bá a tajà lọ́jọ́ náà, kí ó má sì bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ọjà á tà o.