Ọtí Inú Ìwé: Bí Àwa Ọ̀rẹ́ Mẹ́fà Ṣe Ń Kàwé Pọ̀ ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ibo ni a ti lè rí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kó jọ bí kò ṣe inú ìwé? Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́: ìwé mélòó ni ẹ kà tán láti ọdún tó kọjá? Olùkọ́ a ní iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kò jẹ́ kí òun ráyè. Oníṣòwò a ní bí òun bá ti ti ọjà dé, oorun ni. Ẹjọ́ wọn kò burú. Ẹni tó bá dá nìkan jókòó ti ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kò ní pẹ́ sùn lé e lórí. Ọ̀nà tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà kan gbà ṣẹ́gun oorun yìí ní ìlú Ìbàdàn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Olùkọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú wa, èmi náà sì jẹ́ ọ̀kan. Oníṣòwò méjì tún wà níbẹ̀: ìyá aláṣọ kan tó ń tajà ní Gbági, àti ọkùnrin kan tó ń ta pààtì mọ́tò. Ẹnì kẹfà wa, télọ̀ ni, Àlájì ni a sì ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni à ń pàdé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nílé ẹnì kan nínú wa. Ìwé kan ni à ń kà lóṣù. Ó lè jẹ́ ìtàn àròsọ, ó sì lè jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹni tó bá gbà wá lálejò ni yóò po ohun tí a ó mu. Ṣùgbọ́n òfin kan dè é: ohun mímu náà gbọ́dọ̀ ti inú ìwé yẹn jáde.

Ẹ má rò pé eré lásán ni òfin yìí. Ẹni tí kò ka ìwé kò lè mọ ohun tí yóò pò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò kà á kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi gbé irú ife bẹ́ẹ̀ fún un. Ní kété tí ife bá ti dé ọwọ́ gbogbo wa, onílé yóò béèrè pé, "Níbo nínú ìwé ni mo ti rí èyí?" Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ ni yóò fọ gbogbo ife ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe ń kàwé nítorí pé kò fẹ́ fọ ife!

ẸMU TÁN, Ọ̀RẸ́ TÁN

Ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ní èdè Òyìnbó, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber sì gbé jáde ní London ní ọdún 1952. Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìtàn náà sí, nítorí orúkọ tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fún un nìyẹn nígbà tó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní ọdún 1963. Ọkùnrin kan ni kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Baba rẹ̀ fún un ní oko tí 560,000 ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, ó sì fún un ní adẹ́mu kan tó ń dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀, tó tún ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ẹmu tán, ọ̀rẹ́ tán. Ni ọkùnrin yìí bá gbéra, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú.

Ilé oníṣòwò pààtì mọ́tò ni a ti jíròrò rẹ̀. Ẹmu ni ó rà lọ́wọ́ adẹ́mu, ó fi atalẹ̀ gígún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó rà á, nítorí ẹmu kì í dúró de ènìyàn. Dídùn ni omi ọ̀pẹ máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú agbè kò sinmi. Láàárín wákàtí díẹ̀ adùn yẹn ti ń di ọtí, bó bá sì di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan.

Olùkọ́ ìṣirò tó wà láàárín wa ní kò sí ọmọ ènìyàn tó lè mu agbè ẹmu 225 lóòjọ́, irọ́ funfun báláú ni. Onílé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye agbè sílẹ̀. Ṣé irọ́ ni ti àwọn ọ̀rẹ́ tó sá lọ nígbà tí ẹmu tán? Lọ́dún tí ọjà mi kò tà, mo ka àwọn tó ń yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò pé mẹ́ta." Gbogbo wa dákẹ́. Èmi rí i lọ́jọ́ náà pé ìtàn àròsọ lè fi iye tí kò ṣeé ṣe sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

ỌRÀN TÓ FẸ́ TÚ WA KÁ

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Àlájì kì í fi ẹnu kan ọtí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ kì í mu ún nítorí ìjọ tó ń lọ. Omi lásán ni àwọn méjèèjì gbé lọ́wọ́. Bí ẹmu ti ń wọlé sí i ni ohùn àwọn yòókù ń ròkè sí i, nígbà tó sì yá, a ti fi Tutùọlá sílẹ̀, bọ́ọ̀lù àti òṣèlú ló kù. Àlájì dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yìí kí n tó wá. Bó bá jẹ́ ilé ẹlẹ́mu ni a fẹ́ dá sílẹ̀, ẹ bá mi yọ orúkọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, a sì fi òfin mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní, jọ́ọ̀gì méjì ni onílé yóò máa pò: ọ̀kan ní ọtí, ìkejì kò ní, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni yóò ṣe fún méjèèjì. Èkejì, ife ọtí kan ṣoṣo ni ènìyàn lè mu títí gbogbo wa yóò fi sọ̀rọ̀ kan ìwé náà tán. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá, inú jọ́ọ̀gì kejì ni yóò máa bù mu. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbé omi lásán lọ́wọ́ láàárín wa.

ÌWÉ OLÓWÓ ÀTI ÌWÉ ONÍGBÈSÈ

Ọ̀dọ̀ Àlájì ló kàn. Aké ni ìwé wa, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká, tó jáde ní ọdún 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìyẹn ni ìyá aláṣọ sì kà, nítorí èdè Òyìnbó kò yá a lára. Jọ́ọ̀gì méjì dé, kò sì sí ọtí nínú ọ̀kankan: mọ́ọ̀tì tí wọ́n po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ni, ọ̀kan ní súgà, ọ̀kan kò ní. Bí a ti rí i ni ẹ̀rín pa wá, nítorí gbogbo ẹni tó ka ìwé náà ló rántí bí ọmọdékùnrin inú rẹ̀ ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́ jí mílíìkì ọmọ ọwọ́ lá.

Olùkọ́ ìṣirò tún gbé tirẹ̀ dé. Ó ní ẹni ọdún 47 ni Ṣóyínká nígbà tí ìwé náà jáde; báwo ló ṣe lè rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ nígbà tí òun kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ? Ìyá aláṣọ ló dá a lóhùn: "Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo mọ irú aṣọ tó gbé, mo mọ ohun tó sọ nígbà tó ń bẹ̀ mí. Ohun tó bá dun ènìyàn kì í kúrò lọ́kàn." Àlájì mi orí, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ bá onígbèsè yẹn, ṣé ohun tí ẹ rántí náà ni yóò rántí?"

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ ó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Ìtàn ìgbésí ayé ara ẹni dà bí ìwé tí olówó kọ gbèsè sí. Ó lè jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ máa béèrè pé, ta ni kò sí níbí láti fèsì?

Nígbà tí ìwé náà ń lọ sópin, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sì ni aṣáájú wọn. A kò ní láti fi ẹnu ọmọdé nìkan gba èyí gbọ́, ìtàn ìlú jẹ́rìí sí i: Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1949, ó sì padà sí i ní ìparí ọdún 1950. Ìyá aláṣọ wa gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Abẹ́òkúta ni ìyá mi wà nígbà náà, ọmọdé ni. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, n kò sì tíì bi í rí."

OYIN LÉTÍ IFE

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, a ka ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929 dé 1930, bí ẹni pé obìnrin kan tó ti jẹ́ arẹwà rí, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé Èkó ló gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Àṣé I. B. Thomas, olóòtú fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ tó ń ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá kò mọ níwọ̀n.

Olùkọ́ obìnrin tó gbà wá lálejò fi oyin pa etí ife yíká. Zóbò tó fi omi ewúro sí ló wà nínú rẹ̀. Ó kán ògógóró díẹ̀ sí jọ́ọ̀gì kan. Bí ẹnu bá kọ́kọ́ kàn án, oyin ni. Ìkorò ló ń gbẹ̀yìn. Ó ní kì í ṣe ojú ìwé kan ni òun ti mú èyí, gbogbo ayé Sẹ̀gilọlá ni. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ní ti obìnrin yìí, ewúro ló gbẹ̀yìn adùn.

Ìyá aláṣọ ti sunkún nígbà tó ń kà á. Olùkọ́ ìṣirò ní, "Màmá, ẹ dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé." Inú bí ìyá náà gan-an, ó ní, "Tíṣà, mo mọ obìnrin mẹ́ta tí ayé wọn rí báyìí. Bí orúkọ bá jẹ́ irọ́, ṣé ẹkún náà jẹ́ irọ́?"

Èrò tèmi nìyí. Ẹ wò ó: Sẹ̀gilọlá ń sọ "Èmi", ọ̀mùtí Tutùọlá ń sọ "Èmi", Àkàrà-ògùn nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 náà ń sọ "Èmi". Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn àròsọ wa ti ń yá aṣọ lọ́wọ́ ìtàn ìgbésí ayé. Kò burú, bí òǹkàwé bá ti mọ ẹni tó ni aṣọ. Lọ́wọ́ ìtàn àròsọ, a ó béèrè pé, ṣé báyìí ni ọmọ aráyé ń ṣe? Lọ́wọ́ ìtàn ìgbésí ayé, a ó tún béèrè pé, ṣé ó ṣẹlẹ̀, ta ni ó sì ṣojú rẹ̀? Olùkọ́ ìṣirò ń béèrè ìbéèrè kejì lọ́wọ́ ìwé tí èkíní yẹ. Ìdí nìyẹn tí òun àti Màmá kò fi lè gbọ́ ara wọn yé.

ÌWÉ TÍ A KÒ TÍÌ KỌ

Nínú ìwé Fágúnwà yẹn, Àkàrà-ògùn bẹ òǹkọ̀wé pé kí ó tètè kọ ìtàn òun sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí òun má lọ kú, kí ìtàn náà sì bá òun wọlẹ̀. Nígbà tí a kà á, kò sí àríyànjiyàn. Ìyá aláṣọ yọ ìwé ìkọ̀wé kan nínú báàgì rẹ̀. Ó ti lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa orin tí àwọn obìnrin ń kọ, nípa bí wọ́n ṣe fi òun pa mọ́ sílé aládùúgbò, àti nípa bí ìyá òun ṣe padà dé lóru láìwọ bàtà. Ojú ewé mẹ́tàlá ni ó ti kọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ lápá kan fún ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yóò sọ, bóyá tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tí Àlájì kọ́ wa nídìí mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni ó ń lò yẹn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ kò nílò ju ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ẹ jọ dá owó ìwé. Bó bá wà ní Yorùbá, ẹ ra èyí, kí ó má sì sí ẹni tí ẹ ó fi sẹ́yìn nítorí èdè. Ẹ mú oníṣòwò mọ́ olùkọ́, nítorí ohun tí ọ̀kan kò rí, èkejì yóò rí i. Ẹ po jọ́ọ̀gì méjì. Kí ẹ sì tó ṣí ìwé ẹlòmíràn, ẹ lọ bi àgbà ilé yín léèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò bi í rí, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ déètì ọjọ́ náà sí i.