Ibi Tí Ọdẹ Lè Ju Àṣá Rẹ̀ Sókè Láìséwu



Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, a ń ka ìtumọ̀ Súrátù Máídà fún àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù obìnrin ní mọ́sáláṣí wa. A dé ibi tí Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún wa láti jẹ ẹran tí ẹranko ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú wá fún wa. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ajá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, pé àṣá náà wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, “Háà, Àlùfáà! Ṣé àṣá tí ó gbé ọmọ adìyẹ mi mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ni yóò kọ́ olè níṣẹ́, tí yóò tún gbẹ́kẹ̀ lé e?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé kíkọ́ àṣá kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù lọ fún àwọn tí ń fi í ṣọdẹ lónìí. Ilẹ̀ tí wọn yóò ti jù ú sókè láìséwu ni ìṣòro wọn.

BÍ WỌ́N TI Ń KỌ́ ÀṢÁ

Àwọn Lárúbáwá ti ń fi àṣá ṣọdẹ tipẹ́tipẹ́, kí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó dé. Ẹran kò pọ̀ nínú aṣálẹ̀, àṣá ni ó sì ń bá baálé ilé wá ohun tí ìyàwó yóò fi sínú ìkòkò.

Ọdẹ á fi awọ kékeré bíi fìlà bo ojú ẹyẹ náà kí ẹ̀rù má bàa bà á. Á so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí ó nípọn, á sì gbé e lé ọwọ́ láàárín ọmọdé àti àlejò títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹran ni á máa fi pè é. Nígbà tí ó bá ti ń dáhùn ìpè dáadáa, á tú okùn rẹ̀. Bí ọdẹ Mùsùlùmí bá fẹ́ jù ú sókè, á pe Bísímílàhì. Bí ó bá sì bá ẹran tí àṣá mú láàyè, á dú u bí a ti í dú ẹran.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó ń mú àṣá padà, oúnjẹ ni. Bí ó bá yó, tàbí bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, ó lè lọ pátápátá. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣá. Ìyá wa kò kúkú parọ́.

EWU FÚN ẸYẸ

Ọdẹ onìbọn lè dúró sí ẹ̀yìn igi kan. Ẹni tí ó ń fi àṣá ṣọdẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àṣá lè lé ẹran kọjá máìlì kan kí ó tó bà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo gbogbo àyíká: ṣé títì ọkọ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wáyà ọgbà wà tí ẹyẹ lè fi agbára sáré kọlù? Ṣé idì wà lókè tí yóò pa á? Ṣé ẹnì kan ń sin adìyẹ nítòsí?

Èyí tí ó burú jù ni òpó iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ Mongolia, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àṣá tí àwọn Lárúbáwá fẹ́ràn jù ń gbé, pápá tẹ́ lọ salalu láìsí igi. Orí òpó iná ni ẹyẹ ń bà sí. Bí ara rẹ̀ bá kan wáyà, tí ó sì tún kan irin òpó, iná pa á nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ti kú báyìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá bo wáyà níbi tí ó ti sún mọ́ òpó. Wọ́n sì ti ń ṣe é.

EWU FÚN ỌDẸ

Ẹyẹ tí wọ́n ń fi àṣá lé jù lọ ni hubárà. Ó tóbi díẹ̀ ju adìyẹ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí yanrìn. Nígbà tí ó jẹ́ ràkúnmí ni wọ́n ń gùn, ìwọ̀nba ni wọ́n lè pa. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ìbọn dé, hubárà wọ́n. Ilẹ̀ Ẹ́míréètì, níbi tí Abu Dhabi àti Dubai wà, fi òfin de ìṣọdẹ ní 1983. Àwọn ọlọ́rọ̀ bá ń kó àṣá wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ní oṣù December 2015, àwọn ọdẹ láti ilẹ̀ Qatar, tí àwọn ọmọ ọba wà nínú wọn, pàgọ́ sí aṣálẹ̀ gúúsù ilẹ̀ Iraq. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Lóru, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbé ìbọn ká wọn mọ́, wọ́n sì kó èyí tí ó ju 20 lọ nínú wọn. Oṣù April 2017 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ẹ ro ọkàn ìyá àti ìyàwó wọn nílé fún oṣù 16! Ẹni tí ó jáde lọ ṣọdẹ di ẹni tí a dọdẹ rẹ̀. Mo kọ́ nínú èyí pé ìwé àṣẹ nìkan kò tó. Ṣé ilẹ̀ náà tòrò, ṣé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì mọ̀ pé o ń bọ̀?

EWU FÚN ẸRAN

Ní ilẹ̀ Pakistan, ìwé àṣẹ kan gba hubárà 100 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ fi òfin de pípa wọn ní oṣù August 2015, ṣùgbọ́n wọ́n yí ìdájọ́ náà padà ní January 2016. Àríyànjiyàn náà fi hàn pé ilẹ̀ tí ó tura fún ọdẹ lè jẹ́ ibi ìparun fún ẹran.

Àwọn kan wá ọ̀nà mìíràn. Sheikh Zayed, tí ó jẹ́ olórí Ẹ́míréètì títí ó fi kú ní 2004, fẹ́ràn àṣá púpọ̀. Ní 1977 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin hubárà ní ìlú Al Ain bí a ti ń sin adìyẹ. Ní 1982 wọ́n pa ọmọ àkọ́kọ́. Láti 1995 ni ó sì ti ní kí wọ́n máa tú àwọn àṣá kan sílẹ̀ padà sínú igbó lẹ́yìn ìgbà ọdẹ. Lónìí, ilẹ̀ ọdẹ kan wà ní Abu Dhabi tí ń jẹ́ Al Marzoom. Ẹran tí a sìn ni wọ́n ń tú síbẹ̀ fún àṣá láti lé, wọn kò sì gba ìbọn láàyè.

Ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja wa yóò rántí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mọ́kà ni ibi tí ọdẹ kò gbọ́dọ̀ ti pa ẹran ìgbẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá gbé hárámì kò sì gbọ́dọ̀ ṣọdẹ lórí ilẹ̀, bí ebi tilẹ̀ ń fi àṣá rẹ̀ ṣeré. Ọlọ́hun tí ó yọ̀ǹda ọdẹ fún wa ni ó tún fi ààlà sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa tí ń mú kànnàkànnà kiri. Ànábì wa kọ̀ fún wa láti fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìdánrawò. Kí ọmọ tó ju òkò, kí ó béèrè: ta ni ó ni ilẹ̀ yìí? Ta ni ó wà ní ẹ̀yìn ewé yẹn? Ṣé jíjẹ ni a fẹ́ jẹ ẹ́, àbí eré?

Ní Àlàmísì tí ó tẹ̀ lé e, mo sọ gbogbo èyí fún ìyá àgbà wa. Ó mi orí, ó ní, “Ó dára, Àlùfáà. Ẹ bá mi sọ fún àwọn Lárúbáwá yẹn kí wọ́n wá mú tèmi lọ kọ́.”

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹni tí ó jáde lọ máa padà wálé láyọ̀. Àmín.